Ìtàn Behanzin, Ọba Dàhòmì, àti Àwọn Àwòrán Rẹ̀

Àwọn baba wa gbà pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àléébù kan ń bẹ lára àrọ́bá: ẹni tí ó ń pa á ni í dá ara rẹ̀ láre, ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni í sì ru ẹ̀bi lọ sí ilé. Nítorí náà ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ṣọ́ra púpọ̀ kí a tó ya àwòrán ẹnikẹ́ni tí ó ti kú sí ọkàn àwọn ọmọ tí a fi sí ìkáwọ́ wa.

Ohun tí ó rán wa sí ìtàn yìí kò jìnnà. Nígbà tí a lọ dánra wò nínú iṣẹ́ ìkọ́ni ní ilé ìwé kan ní agbègbè Alímòṣọ́, a rí ọmọdékùnrin kan tí í ṣe Ègùn, tí àwọn òbí rẹ̀ ti apá Àgbádárìgì wá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní ọmọ Dàhòmì, wọ́n sì ń fi orúkọ náà ṣe é ní yẹ̀yẹ́ títí ó fi sunkún. A bá wọn wí, wọ́n sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà bi wá bóyá òtítọ́ ni pé ọba àwọn baba òun jẹ́ ẹni búburú tí a fi ẹ̀wọ̀n mú lọ sí òkè òkun, ẹnu wa wọhò. A kò mọ èsì tí a ó fún un. Ìtìjú ni èyí jẹ́ fún ẹni tí ó dúró níwájú ọmọ tí ó sì mú ẹfun dání. Láti ìgbà náà ni a ti ń wá ìdí ọ̀rọ̀ Behanzin, ohun tí a sì rí ni a fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín fún àwọn olùkọ́ wa ọ̀wọ́n àti fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wa.

Ilẹ̀ Dàhòmì kò jìnnà sí wa. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ìkọ̀tún tàbí ní Ìgándò ní òwúrọ̀, tí ó gba ọ̀nà Àgbádárìgì lọ, tí ó sì la ẹnu ibodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá, lè dé Kútọnu kí oòrùn tó wọ̀. Láti ibẹ̀ ni yóò ti kọjú sí òkè ilẹ̀, tí yóò sì rin nǹkan bí 140 kìlómítà kí ó tó dé Àgbómẹ̀, olú ìlú àwọn ọba náà. Orúkọ Dàhòmì kò sí lórí máàpù mọ́, nítorí pé ní 1975 ni a yí orúkọ orílẹ̀-èdè náà padà sí Benin. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn àgbà kò tíì gbàgbé rẹ̀.

Láàárín 1600 sí 1700 ni ìdílé ọba yìí, tí wọ́n sọ pé àwọn ti Allada wá, tẹ̀dó sí Àgbómẹ̀. Ní 1724 wọ́n yí padà ṣẹ́gun Allada fúnra rẹ̀, ní 1727 wọ́n sì gba Wídà tí ó wà ní etí òkun. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ni ó ká wọn lọ́wọ́ kò nígbà náà, tí Dàhòmì fi ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di ìgbà ọba Gezo, ẹni tí ó jẹ láti 1818 sí 1858, tí ó sì já àjàgà náà kúrò ní ọrùn rẹ̀ nígbà tí agbára Ọ̀yọ́ ti rẹ̀yìn. Òwò ẹrú ni ó fi ọrọ̀ sí ilé wọn, ogun ni wọ́n sì fi ń wá ẹrú.

Nípa ogun wọ̀nyí ni àwọn baba wa ṣe mọ̀ wọ́n. Ní 1851 Gezo kó ogun wá bá Abẹ́òkúta, àwọn Ẹ̀gbá sì lé e padà. Ẹnu sì ya àwọn Ẹ̀gbá nígbà tí wọ́n wo òkú àwọn ọ̀tá tí wọ́n rí i pé obìnrin ni púpọ̀ nínú wọn. Ní 1864 Glele ọmọ Gezo tún wá, ó sì tún padà lọ́wọ́ òfo. Ṣùgbọ́n Kétu kò rí irú àánú bẹ́ẹ̀ gbà. Ní 1886 ogun Glele wó ìlú náà palẹ̀, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ìgbèkùn lọ sí Dàhòmì. Ẹni tí a bá ti fi irú ọgbẹ́ yìí dá lójú kì í gbàgbé. A kò gbọdọ̀ bò ó mọ́lẹ̀ nínú ìtàn tí a ń sọ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyà ẹlòmíràn ni a fẹ́ sọ.

Ní nǹkan bí ọdún 1844 ni a bí ọmọ tí ìtàn wa dá lé lórí. Kondo ni orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọba, Glele sì ni baba rẹ̀. Ó dàgbà ní ààfin tí ogiri rẹ̀ kún fún àwòrán tí a fi amọ̀ mọ, tí ẹranko, ohun ìjà àti ogun àwọn baba ńlá rẹ̀ wà lára wọn, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí kò mọ ìwé a máa ka ìtàn ìdílé náà bí ó ti ń kọjá lọ. Nígbà tí Glele di arúgbó tí ara rẹ̀ kò sì dá mọ́, Kondo tí í ṣe àrólé ni ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlú nípò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tí ó bá níbẹ̀ le púpọ̀. Àwọn Faransé gbé ìwé àdéhùn méjì jáde, ti 1868 àti ti 1878, wọ́n ní Glele ti fi Kútọnu lé àwọn lọ́wọ́. Àwọn ará Àgbómẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ní ojú wọn, ọba lè fún àlejò ní ibi tí yóò kọ́ ilé òwò sí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ àwọn baba kì í ṣe ọjà tí à ń tà. Ọ̀rọ̀ tí àwa pẹ̀lú mọ̀ dáradára ní ilẹ̀ Yorùbá ni èyí. Lẹ́bàá ọ̀dọ̀ wọn ni Toffa ọba Àjàṣẹ́ wà, ìbátan wọn ni, ṣùgbọ́n abẹ́ ààbò Faransé ni ó sá sí. Ní ìparí 1889 aṣojú Faransé kan tí ń jẹ́ Jean Bayol lọ sí Àgbómẹ̀ láti mú ọ̀rọ̀ Kútọnu wá sí ìparí. Kondo gbà á ní àlejò, ó dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kò sì jọ̀wọ́ ohunkóhun fún un. Ní òpin oṣù kejìlá ọdún náà gan-an ni Glele wàjà, Kondo sì gorí ìtẹ́.

Níhìn-ín ni a fẹ́ dúró díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ orúkọ àti ère, nítorí pé òun ni ọ̀pá tí ó gbé ìtàn yìí ró. Ó jẹ́ àṣà ní Dàhòmì pé kí ẹni tí ó bá jọba mú orúkọ tuntun àti àmì tí yóò máa dúró fún un. Fá ni wọ́n ń bi léèrè lórí rẹ̀, Fá náà sì ni Ifá tí ó ti ilẹ̀ Yorùbá lọ sí ọ̀dọ̀ wọn. Ẹyẹ wà nínú àmì Gezo, kìnnìún ni ti Glele. Kondo mú orúkọ Behanzin, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ mọ́ ẹyin kan tí ayé gbé dání tí ilẹ̀ sì ń fẹ́. Ó sì mú ẹja ekurá ní àmì, ẹja ńlá inú òkun tí eyín rẹ̀ mú bí ayùn, tí í máa pa ènìyàn jẹ. Ẹni tí ó bá mọ etíkun Kútọnu yóò mọ ìdí rẹ̀. Ìgbì líle a máa fọ́ níbẹ̀ ní gbogbo ọdún, ọkọ̀ ojú omi ńlá kò sì lè sún mọ́ ilẹ̀ ní ìgbà náà. Inú ọkọ̀ kékeré ni àlejò ti í la ìgbì kọjá, ibẹ̀ sì ni ekurá ń dúró dè é. Nípa àmì yìí ọba tuntun náà sọ fún àwọn ará òkun, láìkọ ìwé kankan, pé ẹni tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti dé.

Lẹ́yìn èyí ni a gbẹ́ ère rẹ̀. Sossa Dede ni wọ́n gbà pé ó gbẹ́ ẹ. Igi ni, ó tó ìdúró ènìyàn, a sì kùn ún ní ọ̀dà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ àti apá rẹ̀ jẹ́ ti ènìyàn, ṣùgbọ́n orí àti ara rẹ̀ jẹ́ ti ẹja ekurá, tòun ti ìpẹ́. Ère Glele náà jẹ́ ti ènìyàn tí ó ní orí kìnnìún, ti Gezo sì jẹ́ ti ènìyàn tí ìyẹ́ bò lára. Wọn kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Ọ̀ràn ìsìn ni wọ́n, àti ọ̀ràn ìjọba pẹ̀lú, nítorí pé àwọn ará Dàhòmì gbà pé agbára ń bẹ nínú wọn láti dáàbò bo ọba àti ìlú.

Bóyá ẹlòmíràn nínú wa yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní ìwà àìlajú ni kí ọba fi ara rẹ̀ wé ẹja. Kí olúwarẹ̀ ní sùúrù. Ní ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀, Louis kẹrìnlá, tí ó jọba láti 1643 sí 1715, mú oòrùn ní àmì tirẹ̀, ó sì gbẹ́ ẹ sára ògiri àti ẹnu ọ̀nà ààfin rẹ̀ ní Versailles. Ní 1701 ayàwòrán Rigaud yà á pẹ̀lú aṣọ ìgúnwà ńlá, idà, ọ̀pá àṣẹ àti ìrun àtọwọ́dá, kí ẹni tí ó bá wò ó lè mọ̀ pé Ọlọ́run ni ó gbé e kalẹ̀. Ọba yìí kan náà ni ó fagi lé òfin tí ó fi àwọn Pùrótẹ́sítáǹtì lọ́kàn balẹ̀, ní 1685, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi sá kúrò ní ilẹ̀ baba wọn. Ní 1670 ni ọba Allada rán ikọ̀ kan tí ń jẹ́ Matteo Lopes sí i, Louis sì gbà á pẹ̀lú ọlá ní Paris. Nípa bẹ́ẹ̀ ojú àwọn ará ilẹ̀ yìí àti ojú àwọn ọba Faransé ti kan ara wọn tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí Napoleon sì di ọba ní 1804, idì ni ó mú ní àmì. Ibi gbogbo ni ọba ti ń wá ohun tí ó lágbára ju ènìyàn lọ láti fi ara rẹ̀ wé. Ọ̀nà ni ó yàtọ̀, ète jẹ́ ọ̀kan.

Ìgbì kò pẹ́ kí ó tó ru. Ní oṣù kejì 1890 àwọn Faransé kó ọmọ ogun sí Kútọnu, wọ́n sì mú àwọn ìjòyè Dàhòmì tí ó wà níbẹ̀. Behanzin dá tirẹ̀ padà: a mú àwọn òyìnbó tí ó wà ní Wídà, a sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí òkè ilẹ̀. Lára wọn ni Fadá Alexandre Dorgère, àlùfáà ìjọ Àgùdà. Ní kùtùkùtù ọjọ́ 4 oṣù kẹta, kí ilẹ̀ tó mọ́, ogun Dàhòmì kọ lu ọgbà Faransé ní Kútọnu, tọkùnrin tobìnrin. Wọ́n jà dé ara ògiri, ṣùgbọ́n ìbọn ọ̀tá yára ju tiwọn lọ, wọ́n sì padà. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin wọ́n tún pàdé ní Atchoukpa lẹ́bàá Àjàṣẹ́. Ìhà kìíní kò lè pa ìhà kejì rẹ́.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ìsìn ti wọ inú rẹ̀. Àlùfáà tí Behanzin dè ni ó wá di alárinà. Ní oṣù karùn-ún ó tú Dorgère àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí ó sì ṣe, àwọn Faransé rán àlùfáà náà padà lọ bá ọba láti wá àlàáfíà. Ọba tí kò fi òrìṣà àwọn baba rẹ̀ sílẹ̀ rí gbọ́ ti ẹni Ọlọ́run yìí ju bí ó ti gbọ́ ti àwọn ológun lọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe fọwọ́ sí ìwé ní Wídà ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá, 1890. Àwọn Faransé yóò jókòó ní Kútọnu, Behanzin kò ní da Àjàṣẹ́ láàmú mọ́, òun yóò sì máa gba 20,000 fráǹkì ní ọdọọdún.

Àlàáfíà yìí kò pé ọdún méjì. Behanzin rí i pé àwọn tí ó wà ní Kútọnu kò ní dúró síbẹ̀, ó sì ra ọ̀pọ̀ ìbọn ìgbàlódé àti àgbá díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì. Kí ni ó fi san án? Nínú owó ni, ṣùgbọ́n nínú ènìyàn pẹ̀lú. Ní 1891 àwọn Jámánì ra ìgbèkùn lọ́kùnrin lóbìnrin lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kó wọn lọ sí Kàmẹ́rúùnù, wọ́n sì fi wọ́n ṣe sójà àti alágbàṣe láìsan owó ọ̀yà fún wọn, títí àwọn wọ̀nyí fi ṣọ̀tẹ̀ ní ìparí 1893. Ẹni tí ó ń jà kí ilẹ̀ rẹ̀ má bàa di ẹrú ni ó ta ọmọ ẹlòmíràn sí oko ẹrú. A kò rí ọ̀nà tí a lè gbà mú ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, a kò sì wá ọ̀nà rẹ̀.

Ní oṣù kẹta 1892 àwọn ọmọ ogun Dàhòmì yìnbọn sí ọkọ̀ ogun Faransé kan lórí odò Ouémé, aṣojú Faransé ní Àjàṣẹ́, Victor Ballot, sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn kàn án, Behanzin kọ ìwé padà pé inú ilẹ̀ òun ni òun wà, pé òun kò fi ìgbà kan lọ sí ilẹ̀ Faransé lọ gbógun tì wọ́n. Àwọn tí ó wà ní Paris kò ka ọ̀rọ̀ náà sí. Wọ́n yan Alfred-Amédée Dodds láti ṣáájú ogun, ẹni tí a bí ní Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà ní 1842, tí ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà sì wà lára rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pẹ̀lú jẹ́ ọmọ Áfíríkà. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe òyìnbó nìkan ni ó ṣẹ́gun Dàhòmì.

Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ odò Ouémé gòkè lọ. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ogun Dàhòmì kọ lù wọ́n ní Dogba, ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá wọ́n tún jà ní Poguessa, lẹ́yìn náà ní Adégon àti ní Akpa. Kò sí ìgbà kan tí àwọn Faransé rí ọ̀nà náà ní ọ̀fẹ́. Àwọn obìnrin ológun náà jà títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọ̀tá wọn fúnra wọn fi ń yìn wọ́n nínú ìwé tí wọ́n kọ nígbà tí wọ́n padà sílé. Ṣùgbọ́n ìgboyà kò rọ́pò ìbọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá Cana, ìlú mímọ́ àwọn ọba, ṣubú.

Behanzin kò dúró kí wọ́n bá òun nílé. Ó fi iná sí ààfin àwọn baba rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà àríwá lọ. Nígbà tí Dodds wọ Àgbómẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá, 1892, èéfín àti eérú ni ó kí i káàbọ̀. Nínú ohun tí iná kò jó ni àwọn ère mẹ́ta nì wà, ti ẹyẹ, ti kìnnìún àti ti ekurá, àti ìtẹ́ ọba, àti àwọn ilẹ̀kùn gbígbẹ́. Ọ̀gágun náà kó wọn lọ sí Faransé, ó sì fi wọ́n ta ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sí ti Trocadéro ní Paris lọ́rẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ère ọba ṣe ṣáájú ọba lọ sí ìgbèkùn.

Ó lé ní ọdún kan tí Behanzin fi rìn kiri nínú igbó, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń fi í pamọ́. Ní oṣù kìíní 1894 àwọn Faransé fi Agoli-Agbo, arákùnrin rẹ̀, jọba ní Àgbómẹ̀. Nígbà tí ó rí i pé ìtẹ́ ti ní ẹlòmíràn, tí ebi àti àrùn sì ń pa àwọn tí ó kù lẹ́yìn rẹ̀, ó jáde ní ìparí oṣù náà, ó sì fi ara rẹ̀ lé Dodds lọ́wọ́. Ìrètí rẹ̀ ni pé a ó mú òun lọ sí Paris, kí òun bá olórí ilẹ̀ Faransé sọ̀rọ̀ lójúkojú, bí ọba ti í bá ọba sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba tí ó ṣẹ́gun rẹ̀ kò ní ọba mọ́. Àwọn Faransé ti bẹ́ orí Louis kẹrìndínlógún ní 1793, láti 1870 sì ni wọn kò ti ní ẹni tí ń dé adé. Kò rí Paris. Ní oṣù kejì wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e, wọ́n sì sọ ọ́ sí erékùṣù Martinique, ní òdìkejì òkun, níbi tí àwọn ọmọ ẹrú tí a ti kó láti etíkun wa wà. Ní òpin oṣù kẹta ni ó gúnlẹ̀. Díẹ̀ nínú àwọn aya rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin, àti Ouanilo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bá a lọ.

Nígbà náà ni àwòrán rẹ̀ pọ̀ sí i. Ní àkókò ogun, àwọn ìwé ìròyìn alááwòrán ní Paris ti yà á bí ẹranko ẹhànnà, tí agbárí òkú yí i ká. A kò lè sọ pé irọ́ pátápátá ni wọ́n pa, nítorí pé wọ́n ń fi ènìyàn rúbọ ní Àgbómẹ̀ níbi ọdún àwọn ọba. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ gba ilé aládùúgbò rẹ̀ a kọ́kọ́ pariwo pé aládùúgbò náà kò mọ́. Ní Martinique àwọn ayàwòrán fi ẹ̀rọ yà á, wọ́n sì tẹ àwòrán náà sórí káàdì tí ènìyàn lè fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Ohun tí a rí lára rẹ̀ ni ọkùnrin kan tí ó ti ń darúgbó, tí ó fi aṣọ bora tí ó fi èjìká kan sílẹ̀, tí ó di ìkòkò tábà rẹ̀ mú, tí àwọn aya àti ọmọ rẹ̀ sì jókòó tì í. Ojú rẹ̀ tutù, kò sì rẹ́rìn-ín. Kò sí agbárí níbẹ̀, kò sí ekurá.

Ní ilẹ̀ àjèjì yìí ó ṣe ohun kan tí ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ fi sí ọkàn. Ó fi Ouanilo sí ilé ìwé. Ọmọ náà kọ́ èdè Faransé, ó sì di akọ̀wé baba rẹ̀, òun ni ó ń kọ àwọn ìwé ẹ̀bẹ̀ tí ọba ń fi ránṣẹ́ sí ìjọba pé kí wọ́n jẹ́ kí òun padà sí ilé. Ọdún ń gorí ọdún, èsì rere kò dé. Ní 1906, nígbà tí ara rẹ̀ kò le mọ́, wọ́n gbé e kúrò ní Martinique, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Algeria ni wọ́n gbé e lọ, kì í ṣe Àgbómẹ̀. Ó ti padà fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà, síbẹ̀ aginjù ńlá wà láàárín òun àti ilé. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá, 1906, ó kú ní ìlú Algiers, wọ́n sì sin ín síbẹ̀. Ó tó ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta.

Ouanilo kò dẹ́kun ẹ̀bẹ̀. Ó di agbẹjọ́rò ní ilẹ̀ Faransé, òfin tí ó kọ́ lọ́wọ́ wọn ni ó sì fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ní 1928 ni wọ́n gbà fún un. Ó mú egungun baba rẹ̀ padà sí Àgbómẹ̀, a sì sin ín sí Djimè, láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Bí ọmọ náà ti ń padà lọ sí Faransé ní ọdún náà kan náà, ó kú ní Dakar. Àwọn Faransé ti mọ irú ọ̀fọ̀ yìí. Nígbà tí a ṣẹ́gun Napoleon ní 1815, erékùṣù Saint Helena ni a sọ ọ́ sí, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1821. Ní 1840 ni wọ́n tó gbé òkú rẹ̀ padà sí Paris pẹ̀lú ọlá ńlá. Òkú Napoleon dúró fún ọdún mọ́kàndínlógún kí ó tó délé, ti Behanzin dúró fún ọdún méjìlélógún.

Àwọn ère ni ó pẹ́ jù. Wọ́n kúrò ní ilé kan bọ́ sí òmíràn ní Paris, àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé ń kọjá níwájú wọn, wọ́n ń wò wọ́n. Ní oṣù kejìlá 2020 ni ìgbìmọ̀ aṣòfin Faransé ṣe òfin pé kí a dá ohun 26 padà nínú èyí tí Dodds kó. Ní oṣù kọkànlá 2021 wọ́n dé Kútọnu, àwọn ère mẹ́ta náà wà nínú wọn. Ó jẹ́ ọdún mọ́kàndínláàádóje láti ìgbà tí a ti kó wọn ní Àgbómẹ̀. Ekurá náà la ìgbì Kútọnu kọjá, ó sì wọlé.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, mélòó ni a ti ka báyìí? Àwòrán kan ni àwọn baba wa yà láti Kétu àti láti ẹ̀yìn odi Abẹ́òkúta, ti akónilẹ́rú. Àwòrán kejì ni àwọn ìwé ìròyìn Paris yà, ti ẹhànnà. Ẹ̀kẹta ni ti Sossa Dede, ti ekurá tí ó ń ṣọ́ etíkun. Ẹ̀kẹrin sì ni ti ẹ̀rọ ayàwòrán, ti baba tí ó ń darúgbó ní ilẹ̀ àjèjì tí ó ń wo ọ̀nà ilé. Kò sí èyí tí ó jẹ́ irọ́ pátápátá, kò sì sí èyí tí ó tó fúnra rẹ̀. Ọkùnrin kan náà ni ó ta ènìyàn ní 1891, tí ó tú àlùfáà sílẹ̀ ní 1890, tí ó jà fún ilẹ̀ rẹ̀ ní 1892, tí ó sì fi ọmọ rẹ̀ sí ilé ìwé nígbà tí gbogbo ohun tí ó ní ti bọ́. Olùkọ́ tí ó bá fi ẹyọ kan hàn àwọn ọmọ, tí ó fi mẹ́ta pamọ́, kò kọ́ wọn ní ìtàn; ó kọ́ wọn ní ìkórìíra tàbí ní ìgbéraga.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọmọ Ègùn wa. Nínú ìwádìí yìí ni a ti rí i pé púpọ̀ nínú àwọn Ègùn tí ó tẹ̀dó sí apá Àgbádárìgì jẹ́ ọmọ àwọn tí ó sá kúrò ní Allada àti Wídà nígbà tí ogun Dàhòmì gba ìlú wọn ní 1724 àti 1727. Ó ṣeé ṣe nígbà náà pé Behanzin kì í ṣe ọba àwọn baba ọmọ náà rárá, bí kò ṣe ọmọ àwọn tí ó lé wọn kúrò nílé. Orúkọ ẹni tí ó ni àwọn baba rẹ̀ lára ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń bú u, àwa olùkọ́ sì dúró níbẹ̀, a kò mọ̀. Bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí wa sí, tí a sì fún wa ní kíláàsì tiwa, a kò ní jẹ́ kí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ tún bá wa ní òfìfo. A ó pe ọmọ náà àti àwọn tí ó bú u jókòó papọ̀, a ó sì sọ gbogbo ìtàn náà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.